Ìyìn Gbangba, Ìyìn Ìyẹ̀wù: George Bridgetower àti Sònátà tí Orúkọ Rẹ̀ Kúrò Lórí Rẹ̀

Ìfáárà

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1803, àwọn olólùfẹ́ orin péjọ sí gbọ̀ngàn Augarten ní ìlú Vienna. Ẹni tí ó jókòó sí ìdí píánò ni Ludwig van Beethoven, ẹni ọdún 32. Ẹni tí ó dúró tì í pẹ̀lú fayolíìnì ní èjìká ni George Augustus Polgreen Bridgetower, ẹni ọdún 24, ọmọ tí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bí fún obìnrin ará Yúróòpù. Orin tuntun tí wọ́n ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí Sònátà Kreutzer. Kreutzer kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò mọ̀ pé orin bẹ́ẹ̀ wà, àwọn òpìtàn orin sì gbà pé kò ṣe é ní gbangba títí ó fi kú.

Ìtàn bí orúkọ ẹnì kan ṣe kúrò tí ti ẹlòmíràn sì rọ́pò rẹ̀ kì í ṣe tuntun mọ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìyìn tí Bridgetower gbà: ta ni ó yìn ín, ibo ni ó ti yìn ín, kí ni ó sì ń wá tí ó fi yìn ín? Ó ti mọ́ àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ Yorùbá lára láti bi oríkì ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. A kì í gbọ́ oríkì kí a má wo ẹnu tí ń ki í, etí tí ń gbọ́ ọ, àti ọwọ́ tí ń náwó. Ṣùgbọ́n bí ìyìn bá ti jáde nínú ìwé ìròyìn Páríìsì tàbí ti Jámánì, a máa ń mú un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí lásán. Èrò tiwa ni pé ìyìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Bridgetower gbà. Èkíní jẹ́ ti gbangba, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Èkejì jẹ́ ti ìyẹ̀wù, inú lẹ́tà àti etí ìwé orin ni ó sì wà. Èyí tí ó sọ ohun tí ó jẹ́ gan-an gẹ́gẹ́ bí òṣèré ni èkejì, òun náà ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé.

Orin ìyẹ̀wù ni a pe orin tí ènìyàn méjì, mẹ́ta, mẹ́rin tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ń fi ohun èlò ṣe, tí olúkúlùkù sì ní ohùn tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò bá a dì mú. Inú yàrá ààfin àti ilé àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ti ń ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò ní olùdarí tí ń fi ọ̀pá júwe. Ó yàtọ̀ sí kọ̀ǹṣátò, níbi tí òṣèré kan ti máa ń dá yọ níwájú ọ̀pọ̀ òṣèré tí ń gbè é. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn onídùndún rí yóò tètè lóye rẹ̀: ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ìyáàlù dá ṣáká ni ẹni tí ó gbé omele lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń náwó lè má mọ̀ títí òde yóò fi tú.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Páríìsì

Ìlú Biała ní ilẹ̀ Pólándì ni wọ́n ti bí Bridgetower ní ọdún 1778. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ ní ilé àwọn ọlọ́lá níbẹ̀, ó sì tún sin ìdílé Esterházy lẹ́yìn náà. Ààfin Esterházy yìí ni Joseph Haydn ti jẹ́ olórí akọrin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń polówó ọmọ náà káàkiri pé akẹ́kọ̀ọ́ Haydn ni. Bàbá yìí mọ òwò ṣe. Ó gbọ́ oríṣiríṣi èdè, ó ń wọ aṣọ àwọn ará Tọ́kì lọ sí òde, ó sì ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ọmọ ọba ilẹ̀ Áfíríkà ni òun. Bóyá òtítọ́ ni tàbí irọ́, ó mọ̀ pé ìran ni àwọn ará Yúróòpù fẹ́ wò, ó sì fi ìran hàn wọ́n.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1789, ọmọ náà ṣe kọ̀ǹṣátò kan tí Giornovichi kọ ní Concert Spirituel, ibi tí ó lókìkí jù fún eré orin ní Páríìsì nígbà náà. Ìwé ìròyìn Mercure de France yìn ín. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún wa ni bí ó ṣe yìn ín. Ẹni tí ó kọ ìròyìn náà sọ pé ẹ̀bùn ọmọ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú èsì tí ó dára jù lọ tí a lè fún àwọn onímọ̀ tí wọ́n fẹ́ dí àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ láti tayọ nínú iṣẹ́ ọnà. A kò gbọdọ̀ fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Àwọn Aláwọ̀ Dúdú sílẹ̀ ní Páríìsì láti tako òwò ẹrú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Akọ̀ròyìn náà dúró ní ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò: èsì ni ọmọ náà jẹ́ lójú rẹ̀. Ó dáhùn ìbéèrè tí àwọn àgbàlagbà ń bá ara wọn fà lórí àwọ̀ rẹ̀. Bí ó ṣe fa ọrun, bí ìró rẹ̀ ṣe rí, ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn kan náà, ọmọ náà ṣeré níwájú Ọba George Kẹta ní Windsor. Ní oṣù Kejìlá ó ṣeré ní Bath, ìwé ìròyìn ìlú náà sì kà á pé àwọn tí ó wá lé ní 550. Ìyàlẹ́nu ni ọ̀rọ̀ tí ó gba iwájú nínú ìròyìn náà. Charlotte Papendiek, obìnrin tí ń tọ́jú aṣọ ayaba, kọ nípa wọn nínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ìrísí bàbá àti ọ̀nà tí ó gbà ń fa ojú àwọn ọlọ́lá mọ́ra gba ààyè púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ. Nígbà tí ó di ọdún 1791, ọmọ ọba tí ó jẹ́ àrólé, ìyẹn Prince of Wales, gba ọmọ náà sọ́dọ̀, wọ́n sì lé bàbá rẹ̀ kúrò nílùú. Bí òwò bàbá ṣe parí nìyẹn. Ọmọ náà rí àwọn olùkọ́ tí ó péye, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn òṣèré ọmọ ọba yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí a gbọ́ nínú ìyẹ̀wù

Àmì àkọ́kọ́ pé ohun mìíràn wà nínú ọmọ yìí yàtọ̀ sí ìran ni a rí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1790, nígbà tí òun àti Franz Clement ṣe àpérò eré orin kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ kékeré bíi tirẹ̀ ni Clement. Òun ni Beethoven yóò wá kọ kọ̀ǹṣátò fayolíìnì rẹ̀ fún ní ọdún 1806. Wọ́n ṣe orin ẹlẹ́ni-mẹ́rin pẹ̀lú àwọn ọmọdé méjì mìíràn. Ìran náà ni èyí pẹ̀lú, a kò sẹ́. Síbẹ̀, orin ẹlẹ́ni-mẹ́rin kì í gba ìran mọ́ra pẹ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dá tàn, orin náà yóò dàrú mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́.

Ọdún 1802 ni ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ láti lọ wo ìyá rẹ̀ ní Dresden. Ó ṣeré níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Vienna. Ọmọ ọba Lichnowsky ni ó mú un mọ Beethoven. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1803, Beethoven kọ lẹ́tà sí ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Wetzlar láti fi Bridgetower hàn án. Àwọn méjèèjì kò tí ì bára wọn sọ̀rọ̀ rí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òṣèré tí ó kún ojú òṣùwọ̀n ni ẹni tí ó mú lẹ́tà náà wá, pé ó káwọ́ ohun èlò rẹ̀ pátápátá, àti pé yàtọ̀ sí kọ̀ǹṣátò, ó ń ṣe orin ẹlẹ́ni-mẹ́rin lọ́nà tí ó dára gidigidi. Ó wá rọ Wetzlar kí ó mú un mọ àwọn ẹlòmíràn.

Lójú tèmi, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo ìròyìn Páríìsì àti Bath lọ. Beethoven kò mẹ́nu ba àwọ̀. Kò sọ̀rọ̀ ọba Áfíríkà. Ó kọ orúkọ náà ní àkọtì, Brischdower, bí ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu tí kò kà á rí. Ó sì yà orin ẹlẹ́ni-mẹ́rin sọ́tọ̀ kúrò lára kọ̀ǹṣátò, torí ó mọ̀ pé ẹni tí ó mọ èkíní lè má mọ èkejì. Ní Vienna ọdún náà, àwọn òṣèré orin ẹlẹ́ni-mẹ́rin tí ó gbọ́n jù ní Yúróòpù wà nílùú. Ẹni tí ó bá sọ pé àlejò kan ń ṣe é dáadáa, ó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un níwájú àwọn tí ó lè já a.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn lẹ́tà yìí ni eré Augarten. Ọjọ́ 22 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n sún un síwájú. Beethoven kò tí ì parí orin náà. Apá ìkẹyìn ti wà nílẹ̀ láti ọdún tí ó kọjá, nítorí sònátà mìíràn ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ fún kí ó tó yọ ọ́. Àwọn apá méjì ìṣáájú ni ó ń lé ọjọ́. Ferdinand Ries, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ròyìn pé aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni Beethoven ránṣẹ́ pe òun láti wá ṣe àdàkọ ohùn fayolíìnì apá kìíní kíákíá. Kò sí àkókò láti ṣe àdàkọ apá kejì. Bridgetower ní láti máa kà á nínú ìwé ọwọ́ Beethoven fúnra rẹ̀, ìwé ọwọ́ tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà dáadáa pàápàá máa ń ráhùn lé lórí.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé apá kìíní, Bridgetower fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀dà orin náà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìlà kejìdínlógún apá tí ó yára, píánò máa ń sá gòkè sá sọ̀ kalẹ̀ ní òun nìkan, tí fayolíìnì yóò dákẹ́ dúró dè é. Nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, Bridgetower kò dúró. Ó fi fayolíìnì fara wé eré sísá píánò náà láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ fún un. Beethoven fò dìde, ó dì mọ́ ọn, ó sì ní kí ọ̀rẹ́ òun tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ó tún un ṣe, Beethoven fi ẹsẹ̀ tẹ píánò rẹ̀ kí ìró náà lè máa hó lábẹ́ rẹ̀.

Èyí ni mo pè ní ìyìn ìyẹ̀wù ní kíkún rẹ̀. Kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó ni orin gbà kí ẹlòmíràn fi kún un, níwájú àwùjọ, ó sì ṣètò ohun èlò tirẹ̀ kí àfikún náà lè dùn. Onílù tí ó bá dá ẹ̀wọ̀n ìlù kan tuntun tí ìyáàlù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ kò tún nílò ìwé ẹ̀rí mìíràn.

Bridgetower kò sì dúró sórí ara rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ó tẹ̀síwájú láti yin ẹnì kejì: ó ní bí Beethoven ṣe ṣe apá tí ó rọra lọ mọ́ gaara, bí ó ti máa ń rí nínú gbogbo irú apá bẹ́ẹ̀, débi pé àwùjọ fi ohùn kan béèrè pé kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n fẹ́ràn láti sọ ìtàn fífò dìde yẹn kì í sábà rántí ìdajì yìí. Ó yẹ kí a rántí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi ṣe èsì fún àwọn onímọ̀ nígbà èwe rẹ̀ wá di ẹni tí ń ṣe lámèétọ́ eré Beethoven.

Àwọ̀ kò kúrò nílẹ̀

A kò gbọdọ̀ sọ ìyẹ̀wù di ọ̀run. Lórí ìwé ọwọ́ orin náà, Beethoven kọ àkọlé ẹ̀fẹ̀ kan ní èdè Ítálì, níbi tí ó ti pè é ní sònátà ọmọ aláwọ̀ méjì, tí a kọ fún ọmọ aláwọ̀ méjì Brischdauer, wèrè ńlá àti akọrin ọmọ aláwọ̀ méjì. Ọ̀rẹ́ a máa fi ọ̀rẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, Beethoven sì ń pe àwọn aláwọ̀ funfun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orúkọ tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ó lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọ̀ ni ó mú. Carl Czerny tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Beethoven sọ ní tirẹ̀ pé Bridgetower máa ń ju ara rẹ̀ káàkiri bí ó bá ń ṣeré débi pé ẹ̀rín ni ó máa ń pa àwọn tí ń wò ó. Ó lè jẹ́ òtítọ́. Bàbá rẹ̀ tí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń jáde síwájú àwùjọ kò kọ́ ọ ní ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ojú ni Czerny fi ṣe ìdájọ́ náà, nígbà tí Beethoven fi etí ṣe tirẹ̀.

Ìwé tí a tẹ̀

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1803, oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn Augarten, Ries kọ̀wé sí Simrock tí ń tẹ orin ní Bonn pé Beethoven fẹ́ fi sònátà náà sọrí àwọn méjì ní Páríìsì: Louis Adam onípíánò àti Rodolphe Kreutzer onífayolíìnì. Nígbà tí ó di ọdún 1804, Kreutzer nìkan ni ó kù. Beethoven kọ̀wé sí Simrock ní oṣù Kẹwàá ọdún náà pé ènìyàn rere ni Kreutzer, pé ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ wu òun ju òde ṣíṣe àwọn òṣèré tí kò sí nǹkan nínú wọn lọ. Ọdún 1805 ni orin náà jáde. Kò sí Bridgetower lórí ìwé náà níbi kankan.

Ìdí tí ó ṣẹlẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ọdún 1858 ni olórin kan tí ń jẹ́ Thirlwall kọ sínú ìwé ìròyìn The Musical World ní Lọ́ńdọ̀nù pé Bridgetower fẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun pé òun àti Beethoven jà nítorí ọmọbìnrin kan kí òun tó kúrò ní Vienna. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ìyẹn ni ó fi tàn kálẹ̀. Èmi kò rò pé ó tó. Ní àkókò kan náà ni Beethoven ń rò ó láti kó lọ sí Páríìsì, Adam àti Kreutzer sì ni ìlú náà ka sí aṣíwájú nídìí ohun èlò wọn. Orúkọ lórí ìwé orin jẹ́ ọjà. Ẹni tí ó ń lọ sí ìlú kan a máa wá ẹni tí yóò gbà á lálejò níbẹ̀. Bóyá ìjà wà, bóyá kò sí, Bridgetower ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sì ní ohun tí Beethoven lè rà ní Páríìsì. Kreutzer kò tilẹ̀ fẹ́ ọjà náà: Hector Berlioz ròyìn pé lójú rẹ̀ orin náà kò yé ènìyàn rárá.

Nígbà tí Allgemeine musikalische Zeitung, ìwé ìròyìn orin tí ó lẹ́nu jù ní Jámánì, wá ṣe lámèétọ́ ìwé náà ní ọdún 1805, ẹni tí ó kọ ọ́ rí iṣẹ́ ńlá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kà á sí àṣejù, ó sì lo ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbani láti fi ṣàpèjúwe irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀. Ìwé ni ó wà níwájú rẹ̀. Nínú ìwé náà, ohùn fayolíìnì le, ó gbóná, ó ń bá píánò du ipò. Beethoven pàápàá kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi kọ̀ǹṣátò. Kò sí ohun tí ó lè jẹ́ kí òǹkàwé ní Leipzig mọ̀ pé ara ènìyàn kan pàtó ni wọ́n fi díwọ̀n aṣọ yìí, pé ènìyàn náà sì ti wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n rán an tán. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìyìn sònátà yìí ti ń lọ sí ọ̀dọ̀ Beethoven, tí orúkọ Kreutzer sì ń bá a rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Tolstoy fi pe ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1889, orúkọ náà ti di ti orin yẹn pátápátá.

Etí ìwé

Bridgetower kò parẹ́ lẹ́yìn Vienna. Yunifásítì Cambridge fún un ní oyè nínú ìmọ̀ orin ní ọdún 1811. Nígbà tí wọ́n dá Philharmonic Society sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1813, ó wà lára àwọn tí ó ṣeré ní sáà àkọ́kọ́, níbi tí orin ìyẹ̀wù ti ń bá orin ọ̀kẹ́sírà ńlá ṣe pọ̀ nínú ètò kan náà. Lẹ́yìn èyí ni ó ń lọ ní ìlọ bọ̀ láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti òkè òkun. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó kú sí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1860. Irin alápá méjì tí a fi ń mọ ìró ohùn, èyí tí a mọ̀ pé Beethoven fún un, wà ní ilé ìkówèésí British Library lónìí.

Ẹ̀dà orin tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí ni ó ṣe é lóore jù. Alexander Wheelock Thayer, ará Amẹ́ríkà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìtàn ìgbésí ayé Beethoven jọ, rí àkọsílẹ̀ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́. F. G. Edwards tún kọ nípa Bridgetower nínú The Musical Times ní ọdún 1908. Bí kì í bá ṣe ìlà díẹ̀ wọ̀nyẹn ni, ohun tí à bá ní lọ́wọ́ nípa eré rẹ̀ ni ìyàlẹ́nu Bath, èsì Páríìsì, àti ẹ̀rín Czerny. Nínú ìwé tí a tẹ̀ ní ọdún 1805 àti nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e, píánò nìkan ni ó ń sáré ní ìlà kejìdínlógún. Fayolíìnì dákẹ́ níbẹ̀. Ní ìgbà tiwa yìí, àwọn onífayolíìnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré sísá Bridgetower padà sí ibẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tún apá náà ṣe.